Sòbìyà Tí Tíṣà Yà sí Ojú Pátákó

Wọ́n ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì láyé ìgbà tiwa. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, ohun kan ṣoṣo ló ń wá sí mi lọ́kàn: sòbìyà.

Ṣé ẹ rántí kíláàsì báyọ́lọ́jì wa l'Ódìgbò? Tíṣà á mú ṣọ́ọ̀kì, á ya ìyípo kan: ènìyàn, omi, Cyclops, a sì tún padà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. A yà á sínú ìwé, a há a sórí bí àdúrà. Lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ọ̀kan nínú wa, ọmọ àgọ́ oko kòkó lọ́nà Òrè, jókòó tòun ti ẹsẹ̀ tó wú, ó fi àkísà dì í. Ohun tí a ń yà yẹn gan-an ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀! Kò sí ẹni tó so méjèèjì pọ̀. Èmi náà kò so ó. Nígbà tí ìdánwò fi máa dé, kò lè rìn dé ojú títì mọ́, ọdún kan gbáko sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò fi èyí bú ọ̀gá kankan o. Ilé ni wọ́n ti kọ́ wa pé inú ara oníkálùkù ni sòbìyà ń gbé, pé ó kàn ń dìde nígbà tó bá wù ú ni. Àwọn àgbà sì ní bí sòbìyà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. A mọ ewé tí a ó ké sí, a ò mọ omi tí a ó yẹra fún.

Bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1870 ni Fedchenko, ará Rọ́ṣíà, ti rí i pé inú Cyclops, kòkòrò omi tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, ni ọmọ sòbìyà ń wọ̀. Ẹni tó bá mu omi náà gbé e mì. Cyclops á kú sínú ikùn, àwọn ọmọ sòbìyà á jáde, èyí tó jẹ́ abo á sì dàgbà lábẹ́ awọ títí tí yóò fi gùn tó mítà kan. Lẹ́yìn bí ọdún kan, á dá ròrò sí ẹsẹ̀, á máa jó bí iná. Aláìsàn á ki ẹsẹ̀ bọ odò kí ó lè tù ú, àṣé ibẹ̀ ni sòbìyà ń dúró dè láti tú ọmọ rẹ̀ sómi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá fà ni nǹkan yìí ń ṣẹlẹ̀ jù lápá ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí iṣẹ́ kòkó ṣì wà lọ́rùn.

Ọmọ wa kan wà nínú ìtàn yìí tí ìwé tiwa kò dárúkọ. Ọ̀mọ̀wé Ṣànyà Ọnàbámirò, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, ló ṣe ìwádìí sòbìyà àti àwọn Cyclops inú omi Nàìjíríà, tó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Òun náà ló wá di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ rẹ̀ nínú ìjà òṣèlú àti ẹjọ́ Awólọ́wọ̀, a kò mọ̀ ọ́n mọ́ sòbìyà.

Ìjà gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà ni. (Bí a bá dárúkọ Òrè, ìjà 1967 ni àwọn ará ìta máa ń rántí. Èyí kò ní ìbọn nínú.) Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn wà ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ìlera abúlé ti ń ta aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi. Nígbà tí wọ́n ka àwọn aláìsàn káàkiri Nàìjíríà ní 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì ni Mínísítà Ìlera nígbà náà. Àjọ Carter ará Amẹ́ríkà dá sí i, Ọ̀gágun Gowon náà sì wá ń rin abúlé dé abúlé nítorí rẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sí oògùn tó ń pa á. Aṣọ ìsẹ́mi, kànga ẹ̀rọ, oògùn Abate tí wọ́n ń dà sómi, àti àlàyé lẹ́nu. Ìpínlẹ̀ Enugu ni ẹni tó ní in kẹ́yìn ti yọjú, ní oṣù kọkànlá 2008. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán ní Nàìjíríà.

Ìwádìí kò tíì parí o. Ní 1986, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ènìyàn ló ń ní in lọ́dún lágbàáyé. Ní 2023, ènìyàn 14 péré ni. Àmọ́ ní Chad, láti 2012, ajá ló ń ní in, wọ́n sì pọ̀. Àwọn onímọ̀ ń fura sí ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ tí ajá ń jẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí àwọn apẹja máa ri ìfun ẹja mọ́lẹ̀. Ìyípo tí a há sórí yẹn ti ní ẹ̀ka tí tíṣà wa kò yà.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ibà Lassa ló kàn, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára ibi tó ti ń jà jù. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ló ń gba ọ̀pọ̀ aláìsàn. Nígbà tó jà gan-an ní 2018, wọ́n ka àbùdá kòkòrò àrùn náà, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ sì wà nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n rí i pé láti ara eku ni ọ̀pọ̀ ti kó o, kì í ṣe láti ara ènìyàn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ṣé àwọn ọmọ tó ń jókòó sí kíláàsì wa lónìí mọ̀ pé eku inú àká gàrí ilé wọn ni a ń wí? Àbí wọ́n ń yà á sínú ìwé bíi tiwa?

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Òdìgbò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àgùnbánirọ̀ kan dé. Ó kó wa lọ sódò pẹ̀lú ìgò, ó fi aṣọ funfun sẹ́ omi náà, ó fi ohun tó kù lórí aṣọ sábẹ́ maikirosíkóòpù kan ṣoṣo tí a ní. Wọ́n ń fò kiri nínú omi náà, pín-ín-pín-ín. Nígbà tó kan ọ̀rẹ́ wa elẹ́sẹ̀ wíwú, ó wò ó, kò gbójú kúrò. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé èyí ni mo mu?"

Ẹnì kan ya fọ́tò wa lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wa yí ìgò omi náà ká. Ọ̀rẹ́ wa ti di bàbá arúgbó báyìí, ó sì ní òun ń bọ̀ ní ìpàdé. Fọ́tò yẹn ló ń béèrè. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un dání.