*BÍ ÌPÀDÉ ÀWỌN TÓ FẸ́ JÁWỌ́ NÍNÚ ỌTÍ ṢE BẸ̀RẸ̀*

Nọ́ọ̀sì yín tún ti dé. Ọ̀rọ̀ ọtí ló wà nílẹ̀ lónìí, mi ò sì wá bá ẹnikẹ́ni wí.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é nínú ilé wa: bí ẹnì kan bá ń mutí lámupara, a ó bú u títí, a ó sì mú un búra níwájú ẹbí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti padà sídìí paraga. A ó wá ní kò nítìjú. Ìtàn yìí yóò jẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé ọ̀nà mìíràn wà.

*Ìlú Akron, ọdún 1935*

Ọmọ Amẹ́ríkà ni Bill Wilson, òwò ìpín ìdókòwò ló ń ṣe ní New York. Ọtí ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ó sì gbé e dé ilé ìwòsàn léraléra. Dókítà William Silkworth tó tọ́jú rẹ̀ sọ fún un pé àìsàn ló ń ṣe é. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1934, ó jáwọ́. Ó wá ń wá àwọn ọ̀mùtí kiri, ó ń wàásù fún wọn. Kò sí ẹyọ kan tó gbọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò mu.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, òwò gbé e dé Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio. Òwò náà forí ṣánpọ́n. Ó dá wà ní òtẹ́ẹ̀lì Mayflower, ó ń gbọ́ ariwo fàájì níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí, ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí i. Ìdí fóònù ló gbà lọ. Ó pe àlùfáà kan, ó ní kí ó bá òun wá ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: òun gan-an ló nílò ìrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Báyìí ló ṣe dé ọ̀dọ̀ Henrietta Seiberling, obìnrin tó fi í mọ Dókítà Bob Smith, oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ń bá jà. Dókítà ní ìṣẹ́jú 15 péré ni òun ní. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jókòó. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá kí wọ́n tó dìde. Ohun tó dá a dúró ni pé ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ti jìyà ohun kan náà. Ẹni tó kàn ló mọ̀.

Dókítà Bob tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan: ó lọ sí àpérò àwọn dókítà, ó mu yó bọ̀. Wọn ò pa á tì. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1935 ni wọ́n kà sí ọjọ́ tó mutí kẹ́yìn, ọjọ́ náà ni wọ́n sì kà sí ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, ìyẹn AA.

*Ipa àwa nọ́ọ̀sì*

Nọ́ọ̀sì kan ní Akron ló sọ fún wọn nípa ẹnì kẹta, agbẹjọ́rò kan tó ti lu nọ́ọ̀sì méjì, tí wọ́n sì so mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn méjèèjì lọ jókòó tì í. Ó jáwọ́ títí ó fi kú. Ní 1939, Sister Ignatia ní St. Thomas Hospital gba ọ̀mùtí kan wọlé nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn kì í fẹ́ gbà wọ́n. Inú rírun ló kọ sínú ìwé. Kí Dókítà Bob tó kú ní 1950, òun àti Ignatia ti tọ́jú nǹkan bí 5,000 ènìyàn. Ilé ìwòsàn ṣáájú, ìpàdé tẹ̀ lé e.

*Tó bá kàn yín ńkọ́?*

⚠️ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì nílé. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí ẹ ń rí ohun tí kò sí, tàbí tí gìrì mú yín, ilé ìwòsàn ni kíá. Ó lè pani.

✅ Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìpàdé. Àdírẹ́sì aa.org yóò tọ́ka yín sí èyí tó wà nítòsí àti èyí tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù. Ẹ tún bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yín.

✅ Ẹ kò ní san owó ìwọlé. Orúkọ kan ti tó. Ẹ lè jókòó kẹ́ ẹ máa gbọ́ láìsọ nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kó wù yín láti jáwọ́.

✅ Tí ìpàdé kan kò bá bá yín lára mu, ẹ gbìyànjú òmíràn. Tẹ́ ẹ bá ṣubú, ẹ padà lọ.

✅ Ìyàwó, ọkọ àti òbí náà ní tiwọn: Al-Anon, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951.

Ní 2020, àwọn onímọ̀ yẹ ìwádìí 27 wò, tó kan ènìyàn tó lé ní 10,000. Wọ́n rí i pé bí a bá fi ọ̀nà AA kún ìtọ́jú dáadáa, ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ láti jáwọ́ pátápátá.

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Bí ẹ bá mọ ẹni tó kàn, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí òun nìkan, ẹ má gbé e sí gúrúùpù ẹbí. Kí ẹ sì bá a lọ sí ìpàdé àkọ́kọ́, tó bá gbà.

Ire o. Nọ́ọ̀sì yín ni.