Bí Àwọn Sàró Ṣe Yẹ Ààbò Wò Kí Wọ́n Tó Kó Lọ sí Abẹ́òkúta

Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti tú ká kúrò ní Ìbàdàn lẹ́yìn Ṣódẹkẹ́ balógun wọn, tí wọ́n sì dó sí abẹ́ àpáta Olúmọ, ní ìlà-oòrùn odò Ògùn, níbi tó di Abẹ́òkúta. Ààbò ni wọ́n wá débẹ̀, nítorí pé ihò àpáta náà gba ènìyàn pamọ́, ẹni tó bá sì gun orí rẹ̀ lè rí ogun kó tó dé. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí tí àwọn mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà Abẹ́òkúta: àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì ti di ará Freetown ní Sierra Leone àti abúlé àyíká rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti tà rí kì í fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré, ìdí nìyí tí ọ̀nà tí wọ́n gbà yẹ ìlú náà wò fi yẹ ní kíkọ sílẹ̀.

Ojú ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ìlú. Ní nǹkan bí ọdún 1839, àwọn oníṣòwò kan láàárín wọn da owó pọ̀, wọ́n ra ọkọ̀ tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì sọ ọ́ ní Queen Victoria. Àwọn tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Èkó rí ìjà ojú ọ̀nà, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kó wọn lẹ́rù kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n kọjá sókè. Ìròyìn yìí dé Freetown, Àgbádárìgì sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé wọn yàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1839 kan náà, àwọn kan nínú wọn kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí gómìnà Sierra Leone pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó sí Àgbádárìgì, kí àwọn lè máa gbé lábẹ́ ààbò rẹ̀. Ìwé náà fi hàn pé ìfẹ́ ilé kò di ojú wọn sí ewu.

Lẹ́yìn ojú ọ̀nà, ẹni tó ń ṣe olórí ìlú ni wọ́n wò. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rán Thomas Birch Freeman wá ní 1842, ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS sì rán Henry Townsend wá ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá ibẹ̀ ṣeé gbé. Ṣódẹkẹ́ gba àwọn méjèèjì tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni odi tí àwọn Sàró gbẹ́kẹ̀ lé ju àpáta lọ, nítorí náà nígbà tí Townsend àti Samuel Ajayi Crowther, tí òun náà jẹ́ Sàró, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1845, tí wọ́n gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́ ti kú, wọn kò gòkè. Àwọn Ẹ̀gbá sì tún sàga ti Adó, tó wà lójú ọ̀nà. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró, kí wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Nínú oṣù náà gan-an ni Crowther rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti pín wọn níyà.

Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo nígbà náà. Aké, Ìjẹmọ̀, Ìkìjà, Ìgbẹ̀yìn àti àwọn ìlú àtijọ́ mìíràn tó dó pọ̀ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní Ògbóni tirẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn àgbà tó ń dájọ́, àti Ológun tirẹ̀, àwọn ìjòyè ogun. Nítorí èyí, ìbéèrè tó kan Sàró kì í ṣe bóyá Abẹ́òkúta dára, bí kò ṣe àdúgbò wo ni wọ́n ti mọ ìdílé rẹ̀, tí ẹnìkan yóò fi lè bá a sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà bí ọ̀ràn bá dé. Ẹni tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, àpáta kò lè gbèjà rẹ̀.

Odi amọ̀ àti yàrà tó yí ìlú ká rí ìdánwò ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851, nígbà tí Ghezo ọba Dàhòmì kó ogun dé ẹnubodè Arò pẹ̀lú àwọn obìnrin ológun rẹ̀, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ọmọ rẹ̀ Glele tún gbìyànjú ní 1864, òun náà kò rí i wọ̀. Orúkọ ìlú náà kàn bí ibi ààbò.

Àmọ́ inú odi ni ewu tó bá àwọn Sàró ti jáde. Ààwọ̀ àwọn Ẹ̀gbá pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó lórí ọ̀nà àti ibodè le débi pé ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, àwọn èèyàn fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó ẹrù ilé àwọn òyìnbó ajíhìnrere, wọ́n sì lé wọn jáde. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà títí di òní. Kò sí àpáta tàbí yàrà tó lè dènà irú èyí. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́, tí àwọn Sàró wà lára wọn, tẹ̀ lé àwọn ajíhìnrere lọ sí Èkó, níbi tí Glover, alákòóso ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ti fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé lẹ́ẹ̀kan sí i.