Òtítọ́ àti Àlá Ìdílé nínú Eré Lorraine Hansberry

Ní ọjọ́ 11 oṣù Mááṣì, ọdún 1959, ni a kọ́kọ́ ṣe eré A Raisin in the Sun ní Broadway ní ìlú New York. Lorraine Hansberry, ẹni tí ó kọ ọ́, ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a ṣe eré rẹ̀ níbẹ̀. Ìdílé Younger ni ìtàn náà dá lé: ènìyàn márùn-ún tí wọ́n há mọ́ra nínú ilé ayágbé kan ní Chicago, tí ọmọdékùnrin wọn, Travis, ń sùn sórí àga ní yàrá àlejò.

Baba ilé kú, 10,000 dọ́là owó inṣọ́ránsì rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ìyá. Ìyá san 3,500 lórí ilé. Ó fa 6,500 lé àkọ́bí rẹ̀, Walter Lee, lọ́wọ́, ó ní kí ó fi 3,000 nínú rẹ̀ sí báńkì fún Beneatha, àbúrò rẹ̀ tí ó fẹ́ di dókítà. Walter kò dé báńkì. Àlá ṣọ́ọ̀bù ọtí ni òun ń lá, gbogbo owó náà ni ó sì kó fún Willy Harris, ẹni tí ó gbé e sá lọ. Walter kì í ṣe olè. Ó dá a lójú pé ìlọ́po owó náà ni òun yóò kó wálé. Irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ ni ó ṣòro jù láti bá wí.

Asagai nìkan ni ó bi wọ́n ní ìbéèrè tí ó tọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá láti Nàìjíríà ni, ó ń fẹ́ Beneatha, ó sì sọ ọ́ ní "Alaiyo", èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni tí oúnjẹ nìkan kò tó fún. (Ayọ̀ ni etí Yorùbá gbọ́ níbẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ, Asagai pàápàá kò sì jọ orúkọ Yorùbá.) Ó bi Beneatha bóyá òun ni ó ṣiṣẹ́ owó tí ó ń sunkún lé lórí, àti irú ilé wo ni èyí tí àlá gbogbo ará inú rẹ̀ ń dúró de ikú ẹnì kan.

Lẹ́yìn náà ni Lindner, aṣojú ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun àdúgbò tuntun náà, tún dé láti wá fi owó ra ilé náà padà kí wọ́n má baà kó wá. Walter ti pinnu láti gbà. Ṣùgbọ́n ìyá kò jẹ́ kí Travis jáde. Níṣojú ọmọ rẹ̀ ni Walter ti kọ owó náà.

Hansberry mọ irú Lindner dáadáa. Ní ọdún 1937, Carl, baba rẹ̀, ra ilé ní àdúgbò aláwọ̀ funfun ní Chicago, wọ́n sì pè é lẹ́jọ́ nítorí ìwé àdéhùn tí kò gba aláwọ̀ dúdú láyè níbẹ̀. Ìwé náà kò lè múlẹ̀ àfi bí àwọn tí ó ni 95 nínú ìdá 100 ilẹ̀ tí ó kọjú sí títì bá fọwọ́ sí i. Nínú ẹjọ́ kan tí ó ṣáájú, wọ́n ti sọ fún adájọ́ pé iye náà pé. Nígbà tí a wá ṣírò rẹ̀, nǹkan bí 54 péré ni. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ Illinois ní ohun tí a ti gbà tẹ́lẹ̀ kò ṣeé yí padà. Kò sí ìyá tí ó jókòó síbẹ̀ láti bi wọ́n pé owó dà, gẹ́gẹ́ bí a ti bi Walter. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ náà ní 1940, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó di 1948 kí ó tó sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ fi agbára òfin mú un ṣẹ. Carl Hansberry ti kú ní Mexico ní 1946.