Langue de Barbarie: Ahọ́n iyanrìn tí òkun gé sí méjì

Nítòsí ìlú Saint-Louis, ní àríwá orílẹ̀-èdè Senegal, ilẹ̀ tóóró kan nà gbọọrọ láàárín odò Senegal àti òkun Àtìláńtíìkì. Langue de Barbarie ni àwọn Faransé pè é, nítorí pé ó rí bí ahọ́n. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí rẹ̀ yóò máa gbọ́ ariwo òkun lápá kan, odò yóò sì dákẹ́ rọ́rọ́ lápá kejì.

Ní ọdún 1976, ìjọba sọ apá gúúsù ibẹ̀ di ọgbà ìtọ́jú ẹranko. Láti Gandiol ni àlejò ti ń wọ ọkọ̀ onígi gígùn, irú èyí tí àwọn apẹja ń lò, pẹ̀lú afinimọ̀nà. Erékùṣù kékeré tí àwọn ẹyẹ ń yé sí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ wò. Ẹyẹ òfú wà níbẹ̀, àti onírúurú ẹyẹ etíkun. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin, àwọn tó sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù a máa dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó yẹ kí ọkọ̀ jìnnà sí ìtẹ́ wọn. Bí ìyá ẹyẹ bá fò dìde, oòrùn lè pa ẹyin rẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀. Ìjàpá òkun náà a máa gòkè wá yé sínú iyanrìn.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003, odò kún débi pé ó fẹ́ bo Saint-Louis mọ́lẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 4 lọ gba inú iyanrìn náà, kí omi lè tètè ṣàn sínú òkun. Omi ìlú fà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ etíkun Èkó mọ̀ pé òkun kì í mu níwọ̀n: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀nà náà ti ju mítà 200 lọ, nígbà tó sì yá, ó kọjá kìlómítà kan.

Omi iyọ̀ wọ inú kànga àti oko àlùbọ́sà àwọn ará Gandiol. Ìgbì ẹnu ọ̀nà tuntun náà ti gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ apẹja. Ní ti abúlé Doun Baba Dièye, òkun gbé e mì. Àwọn ará ibẹ̀ kó lọ sórí ilẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń gbin igi ẹ̀gbà sí bèbè omi, kí ìyókù má baà lọ.