Ìlobùú, Ifọ́n àti Àyè Inú Dísìkì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun jẹ́ aládùúgbò, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, torí náà orúkọ ìlú téèyàn kọ sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré níbẹ̀. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, "Ilobu" àti "Ifon" lásán lẹ ó rí. Tẹ́ ẹ bá béèrè, wọ́n á ní àmì ń jẹ àyè.

Òótọ́ wà níbẹ̀ nígbà kan. RAMAC, dísìkì tí IBM gbé jáde ní 1956, ní àwo ńlá 50, àmọ́ lẹ́tà bíi mílíọ̀nù 5 péré ló gbà. ASCII ti 1963 ò tilẹ̀ mọ ẹ, ọ àti ṣ, tí Bíbélì Yorùbá ti ń lò kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀.

UTF-8 dé ní 1992, ọ̀nà là. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Báìtì kan ni lẹ́tà lásán ń gbà. "Ifon" jẹ́ 4. "Ifọ́n" jẹ́ 8, torí ọ́ nìkan gba 5: mẹ́ta fún ọ, méjì fún àmì ohùn. "Ilobu" jẹ́ 5, "Ìlobùú" jẹ́ 9. Báìtì 4 ni àlékún ìlú kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá wo PostgreSQL, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Berkeley ní 1986. Ó pín tábìlì sí ojú ìwé báìtì 8,192. Kó tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ìlà kọ̀ọ̀kan ti gba báìtì 24 fún orí rẹ̀, àti 4 tó ń tọ́ka sí ibi tó wà. 28 nìyẹn, ìlọ́po méje ohun tí àmì wa ń jẹ! Tẹ́ ẹ bá tún ìlà kan ṣe, ẹ̀dà tuntun ló ń kọ; ti àtijọ́ á jókòó síbẹ̀ títí VACUUM á fi gbá a. (Àwọn tó ń ráhùn nípa àmì kì í sábà rántí òkú ìlà.)

Ká tiẹ̀ ní gbogbo olùdìbò 93,469,008 tó wà nínú ìwé INEC ní 2023 jẹ́ ọmọ Ifọ́n, àmì orúkọ ìlú wọn ò ju nǹkan bíi báìtì mílíọ̀nù 374 lọ. Mẹ́mórì fóònù kékeré gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́tò àti ìtẹ̀ka wọn ló ń jẹ àyè gan-an, kò sì sẹ́ni tó ní ká yọ imú kúrò nínú fọ́tò.

Ohun kan ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́. Ọ̀nà méjì tí ojú ò lè yà sọ́tọ̀ la lè gbà kọ ọ́: ọ pẹ̀lú àmì ohùn, tàbí o, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn. Báìtì 5 náà ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí orúkọ ọ̀tọ̀. Ẹ wá ọmọ Ifọ́n nínú irú tábìlì bẹ́ẹ̀, àwọn kan ò ní jáde. Ẹ yan ọ̀kan, NFC ni tèmi, kẹ́ ẹ tó kó orúkọ wọlé.