The Dark Side of the Moon

*The Dark Side of the Moon* ni àwo orin kẹjọ tí Pink Floyd, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ìlú Lọ́ńdọ̀nù, gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1973. Orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 43 lọ. Orin kan ń ṣàn wọ inú èkejì, kò sí ìdákẹ́ àfi ìgbà tí ó bá tó àkókò láti yí rẹ́kọ́ọ̀dù sí ojú kejì. Progressive rock ni wọ́n ń pe irú orin yìí, ọ̀wọ́ rọ́ọ̀kì tó fẹ́ràn orin gígùn, àrà ìlù àti ẹ̀rọ tuntun. Ọ̀pọ̀ àwo inú ọ̀wọ́ náà ti di ìgbàgbé. Èyí kò kúrò lórí igbá.

Ìbẹ̀rẹ̀

Roger Waters tí ń ta gìtá béèsì ló kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin náà. Ohun tí ń lé ọmọ ènìyàn kiri ló dì mú: àkókò tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, owó, ogun, ikú, àti orí tó dàrú. Èyí tó kẹ́yìn yìí sún mọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí, nítorí Syd Barrett, tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ náà níbẹ̀rẹ̀, kúrò láàárín wọn ní 1968 nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ kò dá ṣáká mọ́.

Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi kọ orin náà lójú agbo kí ó tó di àwo. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ní Brighton, ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 1972, ẹ̀rọ dà wọ́n láàmú débi pé wọn kò lè kọ ọ́ dópin. Fún ìgbà díẹ̀ wọ́n pè é ní *Eclipse*, torí pé ẹgbẹ́ mìíràn, Medicine Head, ti fi orúkọ tí wọ́n fẹ́ lò tẹ́lẹ̀ gbé àwo jáde. Àwo yẹn kò tà, ni wọ́n bá padà sí orúkọ wọn.

Iṣẹ́ inú sítúdíò

Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, láti 1972 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1973. Sítúdíò yìí kan náà ni Fẹlá ti ṣe *Fela's London Scene* ní 1971. Alan Parsons, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 25, ló wà nídìí ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ sì wà. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ orin "Money". Waters da owó ẹyọ sínú abọ́ ńlá tí ìyàwó rẹ̀ fi ń po amọ̀, ó fa ìwé ya, wọ́n sì wá ìró ẹ̀rọ tí àwọn onítajà fi ń gbowó. Wọ́n fi rúlà wọn téèpù ìró kọ̀ọ̀kan kí gbogbo wọn lè dọ́gba, wọ́n fi abẹ gé e, wọ́n sì lẹ méje pọ̀ di òrùka kan. Téèpù náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti fà á yí ọ̀pá maikirofóònù ká kí ó má bàa dẹ̀. Ìró méje ló bí ìlù onímèje. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tẹ̀lé orin náà yóò rí i pé ẹsẹ̀ òun ń ṣáájú tàbí ó ń kẹ́yìn, àfi ìgbà tí David Gilmour, onígìtá ẹgbẹ́ náà, bá dá gìtá ta tí ìlù yí sí onímẹ́rin, tí ara wá dẹ̀ ẹ́.

Aago inú "Time" ńkọ́? Parsons gbé ẹ̀rọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aago àtijọ́, ó gba ohùn aago lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ló mú gbogbo wọn dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àyà tó ń lù kì-kì-kì níbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí àwo náà, ìlù ńlá onítẹsẹ̀ Nick Mason, onílù wọn, ni.

Fún ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ orin, Waters kọ ìbéèrè sórí páálí, ó sì fi wọ́n lọ àwọn tó wà nítòsí, títí kan Gerry O'Driscoll tó jẹ́ aṣọ́nà ilé náà. Paul McCartney àti ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ṣùgbọ́n wọn kò lo ohùn wọn, nítorí ó jọ pé wọ́n ń ṣe àṣehàn. Ohùn aṣọ́nà ló dúró. (Lọ́dún 1973 kan náà ni McCartney wá sí Èkó láti ṣe *Band on the Run*.)

Akọrin kan, Clare Torry, ló fi ohùn kọ "The Great Gig in the Sky", orin tí Richard Wright tí ń tẹ dùùrù dá. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Obìnrin náà sọ ohùn rẹ̀ di ohun èlò, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó sì rọlẹ̀. Nígbà tó jáde, ó rò pé òun ti bà á jẹ́. Pọ́n-ùn 30 ni wọ́n san fún un. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní 2004, wọ́n parí rẹ̀ níta kóòtù ní 2005, láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Wright gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá orin náà.

Lórí bí wọ́n ṣe po gbogbo ohùn wọ̀nyí pọ̀, ọ̀rọ̀ kò dọ́gba. Gilmour sọ pé òun àti Waters ṣe àríyànjiyàn: òun fẹ́ kí ohùn máa yọ́ wọ inú ara wọn, Waters fẹ́ kó gbẹ, kí ọ̀rọ̀ sì hàn ketekete. Wọ́n pe Chris Thomas, aṣàgbéjáde orin, láti wá bá wọn dá sí i, ṣùgbọ́n Thomas ní òun kò rí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti rọlẹ̀ kí ó tó dé. Ó sì lè jẹ́ pé ìjà ńlá tó bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ló kun ìrántí Gilmour. Ohun tí etí lè jẹ́rìí sí ni pé ọ̀nà méjèèjì wà nínú àwo náà.

Èèpo àwo

Ilé iṣẹ́ Hipgnosis ló ṣe èèpo náà, George Hardie ló yà á: ìmọ́lẹ̀ wọ inú gíláàsì onígun mẹ́ta, ó sì jáde ní àwọ̀ mẹ́fà.

Ìtàn lẹ́yìn ìjáde

Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni àwo náà lò lókè pátápátá lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà, ní ìparí oṣù Kẹrin 1973. Ṣùgbọ́n láàárín 1973 sí 1988, ó lo ọ̀sẹ̀ 741 lórí àtẹ náà. Wọ́n fojú bù ú pé ó ti tà ju mílíọ̀nù 45 lọ káàkiri ayé. Àwọn kan máa ń fi í sí abẹ́ fíìmù *The Wizard of Oz*, wọ́n ní méjèèjì bára mu. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ní 2003, Easy Star All-Stars sọ gbogbo rẹ̀ di régè, orin náà sì gbà á. Wright kú ní 2008. Ní oṣù Kẹwàá 2023, Waters tún gbogbo àwo náà ṣe láìsí àwọn yòókù, ó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àkókò tó ń sá lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti pé ọgọ́rin.