Ilé Là Á Wò Ká Tó Sọ Òkúta Lórúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi ní Àkọkà, ẹ̀yin ará Yabatech, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wọ dánfó láti Mushin àti Sùúrùlérè wá gba lecture aago mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ òkúta ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má sá o. Kì í ṣe gráníìtì tí wọ́n ń já sílẹ̀ níwájú ilé tí wọ́n ń kọ́, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń jù nígbà aluta. Òkúta tó ń dán bíi gíláàsì ni mò ń sọ, tó ní igun mẹ́fà gún régé bíi pé káfíńtà ló fá a, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ ènìyàn kankan ò kàn án. Inú ilẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀ wá.

Àwọn kan wà káàkiri ayé tó jẹ́ pé fàájì wọn kò ju kí wọ́n máa kó irú òkúta bẹ́ẹ̀ jọ lọ. Wọn kì í gé e, wọn kì í fi ṣe òrùka. Bó ṣe jáde nínú kùsà ni wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ. Láti 1955 ni wọ́n ti ń ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní ìlú Tucson ní Amẹ́ríkà, níbi tí olówó àti ọ̀jọ̀gbọ́n ti máa ń du òkúta kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Tí ẹ bá gbé òkúta síwájú wọn, kí wọ́n tó bèèrè "èló ni?", wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè pé "níbo ló ti wá?" Wọ́n fẹ́ rí lébẹ̀lì, ìyẹn ìwé pélébé tó sọ orúkọ òkúta náà, kùsà tó ti jáde, ìlú tó sún mọ́ kùsà ọ̀hún, àti ọdún. Òkúta méjì lè jọra bí ìbejì. Èyí tó ní lébẹ̀lì ni wọ́n á dá lóhùn. Èyí tí kò ní in dà bí ọmọ tí wọ́n gbé sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó lè rẹwà, àmọ́ ta ló fẹ́ pìtàn rẹ̀?

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn. Ilẹ̀ wa ti bí òkúta fún ayé ju bí a ṣe rò lọ. Lébẹ̀lì ni a kì í kọ. Ẹni tó bá sì kọ lébẹ̀lì ni ìtàn máa ń bá lọ.

Àwọn baba wa náà mọ òkúta

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé òyìnbó ló kọ́ wa láti mọ iyì òkúta. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn àgbà gbẹ́ àpótí ìjókòó láti ara quartz, òkúta tó le débi pé irin lásán kò lè há a. Ọ̀kan nínú àwọn àpótí náà ti wà ní British Museum ní London láti 1896, nígbà tí Gilbert Carter jẹ́ gómìnà Èkó. Ní Igbó Olókun, ní Ifẹ̀ kan náà, wọ́n ń yọ́ gíláàsì fúnra wọn, wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ gíláàsì náà wò, wọ́n rí i pé èròjà inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Lárúbáwá, ó sì yàtọ̀ sí ti Yúróòpù. Tí wọ́n bá rí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Mali lọ́hùn-ún, wọ́n á mọ ibi tó ti wá. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn gbé lébẹ̀lì tirẹ̀ sínú ara.

Ìlọrin ńkọ́? Òkúta pupa kan wà tí wọ́n ń pè ní làńtànà. Àwọn ìdílé tó ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gbé iṣẹ́ náà wá láti Ọ̀yọ́ Ilé. Wọ́n á ṣá a sí wẹ́wẹ́, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á wá máa lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí tí yóò fi máa dán. Ọ̀nà jíjìn lápá àríwá ni òkúta ọ̀hún ti ń wá. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun wá kún ọjà, iṣẹ́ náà rọ̀, ó sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Làńtànà ṣì wà nínú àpótí àwọn ìyá àgbà kan títí dòní. Ẹ bi wọ́n léèrè pé níbo ló ti wá. "Ti ìyá ìyá mi ni," ó parí. Lébẹ̀lì tó wà lẹ́nu nìyẹn, ẹni tó ń sọ ọ́ ló sì máa gbé e lọ.

Àwọn tó wá pẹ̀lú òòlù àti ìwé

Ní 1903, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Mineral Survey sílẹ̀ fún Southern Nigeria. Ní ọdún kejì, 1904, wọ́n dá ti àríwá sílẹ̀. J. D. Falconer ló ṣáájú ti àríwá. Albert Kitson ló padà wá ṣáájú ti gúúsù. Iṣẹ́ wọn ò díjú: kí wọ́n máa rìn láti ìlú dé ìlú, kí wọ́n fọ́ òkúta, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà, kí wọ́n dì í, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Imperial Institute ní London fún àyẹ̀wò. Ibi tí wọ́n ti ń rìn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí èédú ní agbègbè Udi ní 1909, èyí tó sọ Enugu di ìlú ńlá. Ní 1919, wọ́n dá Geological Survey of Nigeria sílẹ̀.

Ká má parọ́, àwọn ènìyàn yìí kọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Falconer àti Kitson fi wà nínú ìwé títí dòní. Ṣùgbọ́n ta ló júwe ọ̀nà fún wọn? Ta ló ru àpótí òkúta lórí? Ta ló sọ pé "ọ̀gá, ẹ wo ibi báyìí"? Orúkọ àwọn yẹn ṣọ̀wọ́n. Lébẹ̀lì náà ní ojúsàájú tirẹ̀.

Tin kọjá ní ẹ̀yìnkùlé wa

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Mainland rèé. Kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà Jos, àwọn ará Liruein Delma ti ń yọ́ tin, wọ́n ń ṣe é ní ọ̀pá tínínrín bí igi koríko, wọ́n sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò. Ọ̀pá tín-ín-tìn-ín yẹn ni àwọn ará Royal Niger Company rí, tí wọ́n fi ń bèèrè pé níbo ló ti ń wá. Ìbéèrè àwọn ará Tucson náà ni, àbí? Ìgbà tí wọ́n rí ìdáhùn, àwọn ilé-iṣẹ́ wakùsà gba ilẹ̀, iná ìléru àwọn ọmọ onílẹ̀ sì kú.

Lákọ̀ọ́kọ́, orí ni wọ́n fi ń ru tin títí dé odò Benue, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e lọ sí Forcados. Nígbà tó di 1912, rélùwè kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láti Zaria lọ sápá Jos. Ó dé Bukuru ní 1914. Láti ìgbà náà, tin ti rí ọ̀nà wọ Èkó: Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin, Yábàá, Èbúté Mẹ́tta, ó di Ìddó. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí di 1927, tí rélùwè tó lọ sí Port Harcourt fi já mọ́ Jos. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òkúta ilẹ̀ Plateau ń gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá nínú àpò.

Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lọ yọ́. Òwò ni, a ò lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Àmọ́ tin nìkan kọ́ ló wà nílẹ̀ náà. Topaz wà níbẹ̀, èyí tó mọ́ bí omi àti èyí tó ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Aquamarine wà níbẹ̀. Ní 1959, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ òkúta kan ní Amẹ́ríkà gbé e jáde pé genthelvite, òkúta tó ṣọ̀wọ́n gan-an, wà nínú gráníìtì ibẹ̀. Àwọn awakùsà ọ̀hún náà ni wọ́n wú ère amọ̀ Nok jáde ní 1928. Ní 1943, orí ère kan ti di ohun tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ nínú oko iṣu kí Bernard Fagg tó gbọ́ nípa rẹ̀. Mùsíọ́ọ̀mù Jos ṣílẹ̀kùn ní 1952, ère amọ̀ sì rí ilé. Òkúta dídán kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Lórí káńtà àwọn olùtajà òkè òkun ni wọ́n bá ara wọn, tí lébẹ̀lì wọn kò sì ju "Jos, Nigeria" lọ. Ilẹ̀ Jos fẹ̀ o! Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá bi ẹnì kan pé níbo ló ń gbé, tó ní "Èkó."

Òkúta tó sùn nínú dúrọ́ọ̀

Ẹnì kan lè sọ pé, "Kí ni ànfààní òkúta tó kàn jókòó sínú àpótí?" Ó dáa, ẹ gbọ́ èyí. Láyé àtijọ́, John Winthrop fi òkúta dúdú kan ránṣẹ́ láti Connecticut ní Amẹ́ríkà sí Hans Sloane ní London. Nígbà tí Sloane kú, ẹrù rẹ̀ di ti British Museum. Òkúta náà sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1801, Charles Hatchett gbé e jáde, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bá èròjà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí nínú rẹ̀. Ó pè é ní columbium. Niobium ni ayé ń pè é báyìí. Columbite ni orúkọ òkúta náà.

Columbite yìí wà nílẹ̀ Jos bíi yẹ̀pẹ̀. Àwọn tó ń wa tin máa ń kó o dànù mọ́ ìdọ̀tí ni. Ìgbà tí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì nílò irin tí kò ní yọ́ nínú iná ni ojú là. Ní àwọn ọdún 1950, Nàìjíríà ló ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú columbite gbogbo ayé, Amẹ́ríkà sì ń fi owó lé owó kí wọ́n lè rí i rà. Pàǹtí di góòlù. Ká ní òkúta inú dúrọ́ọ̀ yẹn ti sọnù, ta ni ì bá mọ orúkọ ohun tí à ń dà nù?

Ẹ̀rí kejì kò tilẹ̀ ti inú kùsà wá. Ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 1962, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ nínú oko àgbàdo ní Zagami, lápá Katsina. Gbàmù! Òkúta tó wúwo tó kílò 18 bọ́ sílẹ̀ nítòsí rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Geological Survey ní Kaduna, wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi tó bọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ wá mọ̀ pé láti Mars ló ti wá. Ní 1988, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan, Robert Haag, ṣe pàṣípààrọ̀, ó sì gba èyí tó tóbi lára rẹ̀ lọ. Lónìí, gíráàmù kan rẹ̀ wọ́n ju gíráàmù wúrà kan lọ fíìfíì. Òkúta náà ti lọ, àmọ́ nítorí pé ẹnì kan kọ lébẹ̀lì, kò sí ibi tó wà láyé yìí tí wọn kò ti ń pè é ní Zagami.

Ọ̀yọ́ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ní 1998, tourmaline pupa tó mọ́ kedere jáde ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọjà ayé sì mì. Ọdún kejì, garnet aláwọ̀ ọsàn tẹ̀ lé e láti apá ibí yìí kan náà. Ní 2001, wọ́n tún rí tourmaline aláwọ̀ búlúù tó ní bàbà nínú, irú èyí tí wọ́n rò tẹ́lẹ̀ pé Brazil nìkan ló ní in. Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Ilẹ̀ Brazil àti tiwa ti so pọ̀ rí kí òkun tó pín wọn níyà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń wá ibi tí tourmaline búlúù yẹn ti jáde gan-an, ìwé kan á ní Ìlọrin, òmíràn á ní Ọ̀yọ́. Ogún ọdún ó lé díẹ̀ péré mà ni o! Kì í ṣe ayé Odùduwà.

Kí ló fà á? Ìdí wà. Láti òfin 1946 títí dé òfin ìwakùsà 2007, ìjọba ló ni ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹni tó ń walẹ̀ láìní ìwé àṣẹ kò jẹ́ pariwo ibi tó ń wà. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ náà á pa ẹnu mọ́ kí ẹlòmíràn má baà gba oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí òkúta bá fi máa dé ọjà Òjòó ní Ìbàdàn, ó ti gba ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ilé rẹ̀ ti sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ má bú wọn; ebi kì í jẹ́ kéèyàn kọ lébẹ̀lì. Àmọ́ ohun tó sọnù sọnù ni. Wọ́n á dí kòtò náà, koríko á hù lé e, àwọn géńdé tó wà á á wábi gbà lọ, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀ pé abúlé kan ní Òkè-Ògùn ló bí òkúta tó wà nínú gíláàsì lókè òkun.

Àwa náà lè kọ̀wé o. Ọmọ Ọ̀fà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyawoye, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Òun ló rí irú òkúta kan ní Bauchi ní àwọn ọdún 1960, ló bá sọ ọ́ ní bauchite. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ pè é, kò sì fi orúkọ òyìnbó kankan pè é. Ó wo ilé kó tó sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ka bauchite, Bauchi ni wọ́n kà yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Geosciences tí ẹ ń lọ field trip, ẹ má kàn kó òkúta bọ àpò nítorí máàkì. Ẹ kọ orúkọ abúlé, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tó mú yín débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka History, ẹ lọ jókòó ti àwọn bàbá tó ti ṣiṣẹ́ rélùwè ní Èbúté Mẹ́tta, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú wọn. Ẹ̀yin tí ìyá yín àgbà ní làńtànà nínú àpótí, ẹ bèèrè nígbà tí ẹnu ṣì wà láti dáhùn. Páálí Indomie tó fún àkójọ tí a máa fi bẹ̀rẹ̀. Bíró náà ò wọ́n.